Píìpù Kékeré Tí Ẹ́ńjìnì Fi Ń Mí

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá fún yín lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí bẹ́ẹ̀ sá fún mi. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ mẹkáníìkì kí ó tó gbọ́ ọ yé.

Bí alùpùpù kan bá kọjá lọ́nà tí ó ń sáré bí ẹni tí à ń lé, kí ni ẹ máa ń wò lára rẹ̀? Ọmọdé a wo táyà rẹ̀ bí ó ti ń yí. Àgbàlagbà a wo táǹkì epo tí ó ń dán. Ẹni tí ó bá mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà a tẹrí ba wo ẹ́ńjìnì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bojú wo píìpù kúkúrú kan tí ó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mánífóòdù. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í yí, kì í gbóná pọn, kì í pariwo. Síbẹ̀, kò sí agbára kan tí ẹ́ńjìnì ní tí kò gba inú ihò yẹn wọlé. Imú ẹ́ńjìnì ni. Ẹni tí imú rẹ̀ bá sì dí, bí ó ti wù kí itan rẹ̀ le tó, kò lè sá eré jìnnà.

Mo fẹ́ sọ bí píìpù yìí ti ń ṣiṣẹ́ fún yín, àti bí ẹni tí kò ní ju irinṣẹ́ díẹ̀ lọ ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní ilé fún alùpùpù àtijọ́. Mo sì fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi irú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ìtàn rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nínú sílíńdà ẹ́ńjìnì, pístìnì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí ọmọ odó nínú odó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Ní ìrìn kìíní, ó sọ̀kalẹ̀, fáàfù ìwọlé ṣí, ó sì fa afẹ́fẹ́ àti epo mu. Ní ìrìn kejì, ó gòkè, fáàfù méjèèjì tì, ó sì fún ohun tí ó mu náà pọ̀. Ní ìrìn kẹta, púlọ́ọ̀gì ṣẹ́ iná sí i, ó gbiná, ó sì fi agbára ti pístìnì lọ sísàlẹ̀. Ìrìn yìí nìkan ni ó ń mówó wá sílé. Àwọn mẹ́ta yòókù, ìnáwó ni wọ́n. Ní ìrìn kẹrin, pístìnì tún gòkè, ó sì ti èéfín jáde.

Epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, epo pẹtiróòlù ìwọ̀n 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n bíi 15. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ púpọ̀, nítorí náà lítà epo 1 yóò mu tó lítà afẹ́fẹ́ 9,000 kí ó tó jó tán. Ẹ fojú inú wo yàrá kékeré kan tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó sì ga díẹ̀ ju mítà 2 lọ. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó kún inú yàrá yẹn ni yóò gba inú píìpù tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ kọjá, kí alùpùpù tó lo lítà epo kan ṣoṣo tán.

Ọwọ́ tí ó sì fi ń mu ún yá jọjọ. Bí ẹ́ńjìnì bá yí ní ìgbà 4,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò mí sínú ní ìgbà 2,400 láàárín ìṣẹ́jú náà. Ìyẹn ni ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó pe orúkọ ara yín tán, ẹ́ńjìnì ti mí ní ìgbà 40.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mímí ni. Ní ọdún 1885, àwọn ará Jámánì méjì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, gbé ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù sórí ohun kan tí wọ́n fi igi ṣe, tí ó ní táyà ńlá méjì, tí wọ́n sì fi táyà kékeré méjì gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà ṣubú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí bàbá ńlá gbogbo alùpùpù òde òní. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ kàn ń fẹ́ kọjá lórí epo ni, ó sì ń gbé ooru epo lọ bí ó bá ti lè gbé e mọ. Nígbà tí ó di ọdún 1893, Maybach ṣe kábúrétọ̀ tí ń fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ wíníwíní, bí ìgbà tí a bá fọ́n omi sí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá fún, afẹ́fẹ́ a máa yára kọjá níbẹ̀. Ibi tí ó bá sì ti ń yára, ipá tí ó fi ń tẹ nǹkan a máa dínkù, nítorí náà epo a máa fà gòkè láti inú ihò kékeré, a sì bá a lọ. Títí tí kábúrétọ̀ fi gbòde lórí àwọn alùpùpù, ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n ń lò.

Bí sílíńdà bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ mánífóòdù kò le. Kí a so kábúrétọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó parí. Ibi tí ọmọ méjì bá ti ń mu láti inú igbá kan ṣoṣo ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wa wà.

Ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, George Hendee àti Oscar Hedstrom bẹ̀rẹ̀ sí ṣe alùpùpù kan ní ọdún 1901, wọ́n sì sọ ọ́ ní Indian. Nígbà tí ó yá, Charles Franklin, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ń bá wọn ṣiṣẹ́, ya àwòrán irú kan tí wọ́n pè ní Scout, èyí tí ó jáde fún ọdún 1920. Sílíńdà méjì ni ó ní, wọ́n sì ya ẹsẹ̀ bíi lẹ́tà V. Ìwọ̀n 42 ni igun tí ó wà láàárín wọn. Ààyè inú sílíńdà méjèèjì pọ̀ tó 600 cc. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà fún àwọn méjèèjì, mánífóòdù rẹ̀ sì pẹ̀ka sí ọ̀tún àti òsì láàárín wọn. Alùpùpù tí ó ṣeé gbọ́kàn lé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti eré àsápajúdé. Máìlì 55 ní wákàtí kan ni ó lè sá mọ.

Ní ọdún 1920 yìí náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra ọ̀kan nínú wọn ní New Zealand, erékùṣù tí ó jìnnà réré sí Amẹ́ríkà. Herbert James Munro ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Burt Munro ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọdún 1899 ni wọ́n bí i, ní ìlú Invercargill, ní ìkángun ilẹ̀ náà níhà gúúsù. Ó gun alùpùpù náà fún ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1926, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u, ó ń pààrọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń tún un ṣe. Kò dáwọ́ dúró fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ.

Kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ títa alùpùpù ni ó fi ń jẹun. Nígbà tí ó yá, gárééjì tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó sọ di ilé, ibẹ̀ ni ó ń sùn, ibẹ̀ ni ó ń jí. Ohun tí kò lè rà, ó ń fi ọwọ́ ṣe é. Agolo àtijọ́ ni ó fi ń mọ irin yíyọ́. Òun ni ó mọ pístìnì rẹ̀, òun ni ó ṣe sílíńdà rẹ̀, òun ni ó fi ọwọ́ gbẹ́ irin tí ó so pístìnì mọ́ ọ̀pá tí ń yí. Níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ń lo ẹ̀rọ ìwọ̀n olówó iyebíye, sípóòkù àtijọ́ kan ni ó sọ di ohun ìwọ̀n tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun ńlá tí ó ṣe ni pé ó gbé fáàfù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, ó gbé e lọ sí orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe Scout jáde, fáàfù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ ní láti gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ó gòkè, kí ó tún yí orí padà kí ó tó bọ́ sórí pístìnì. Bí fáàfù bá wà lókè, afẹ́fẹ́ yóò bọ́ sí i tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó bá gbé fáàfù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ lọ sí òkè, ó ti sọ mánífóòdù àtijọ́ di aláìwúlò. Ó dà bí ẹni tí ó gbé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá sí ojúde, tí ó wá rí i pé ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Àfi kí ó la ọ̀nà mìíràn. Kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ̀nà náà, nítorí kò sí ẹ́ńjìnì mìíràn láyé tí ó rí bíi tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fọwọ́ ṣe mánífóòdù.

Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ rò kí ó tó gé irin. Èkíní ni bí ihò yóò ti fẹ̀ tó. Ojú lè tètè sọ fún ọmọdé pé bí ó bá ti fẹ̀ tó ni yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ihò bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò máa rìn gbẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀, epo tí ó gbé yóò sì já bọ́ sí ara ògiri píìpù, bí ìrì. Ẹ́ńjìnì yóò wá máa kọ́ nígbà tí a bá fẹ́ kí ó gbéra. Bí ó bá sì fún jù, yóò gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò ní tó nígbà tí eré bá le.

Èkejì ni gígùn. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, bí ó tilẹ̀ kéré. Nígbà tí fáàfù bá pa dé lójijì, afẹ́fẹ́ tí ń sáré bọ̀ yóò kọlu ẹ̀yìn rẹ̀, yóò fún pọ̀, ìgbì rẹ̀ yóò sì padà sẹ́yìn nínú píìpù, kí ó tó tún yí bọ̀. Bí gígùn píìpù bá bá eré ẹ́ńjìnì mu, ìgbì náà yóò dé padà gẹ́lẹ́ nígbà tí fáàfù tún ṣí, yóò sì ti afẹ́fẹ́ wọlé ju bí pístìnì nìkan ti lè fà á lọ. Píìpù gígùn ń ṣe ẹ́ńjìnì tí ń yí jẹ́jẹ́ ní rere. Píìpù kúkúrú ń ṣe èyí tí ń yí kíákíá ní rere. Ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí píìpù ìmí rẹ̀ gùn tó ínṣì 30 nítorí ọgbọ́n yìí kan náà.

Ẹ̀kẹta ni bí a ó ti pín in dọ́gba. Lára ẹ́ńjìnì bíi ti Scout, tí igun rẹ̀ jẹ́ 42, tí pístìnì méjèèjì sì jọ so mọ́ ibì kan náà, àkókò mímí kò dọ́gba. Láti ìgbà tí sílíńdà kan bá mí títí di ìgbà tí èkejì yóò mí, ẹ́ńjìnì yóò yí ní ìwọ̀n 318. Láti ìgbà náà títí tí èkíní yóò tún fi mí, yóò yí ní ìwọ̀n 402. Ọ̀kan ń tètè tẹ̀lé èkejì, èkejì ń dúró pẹ́. Bí ẹ̀ka píìpù kan bá tún wá gùn ju èkejì lọ, tàbí tí ó wọ́ ju èkejì lọ, ọmọ kan yóò yó, ọmọ kejì yóò máa sunkún. Púlọ́ọ̀gì ni yóò tú àṣírí: ti èyí tí ó yó ju bí ó ti yẹ lọ yóò dúdú bí ìdí ìkòkò, ti èyí tí ebi ń pa yóò funfun bí eérú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a ṣe láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nítorí iná àti epo pẹtiróòlù kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.

Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é yóò kọ́kọ́ mú páálí, yóò gbé e lé ẹnu ihò lára ẹ́ńjìnì, yóò sì fi ọwọ́ tí ó lẹ́pọ̀n tẹ̀ ẹ́ kí àmì ihò àti ti bóòtù lè yọ. Yóò ṣe bákan náà fún ẹnu kábúrétọ̀. Àmì yìí ni yóò tẹ̀lé gé irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó ìdá mẹ́rin ínṣì kan. Bí irin náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, iná yóò ká a kò nígbà tí a bá ń jó o pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni píìpù. Píìpù irin tí ihò inú rẹ̀ bá ti kábúrétọ̀ mu ni yóò wá. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, yóò rọ yanrìn kún inú rẹ̀, yóò kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, yóò sì fi igi dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Yanrìn náà ni kò ní jẹ́ kí ikùn píìpù wọnú níbi tí ó ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, iná yóò sọ omi náà di ooru, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, píìpù lè bú gbàmù ní ojú ẹni tí ó dì í mú. Yóò wá fi iná sí i títí tí yóò fi pọ́n, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kọ̀rọ̀ tí ó yí gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ibi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ lójijì, ibẹ̀ ni epo ti ń já bọ́.

Kò gbọdọ̀ jó irin náà pọ̀ lórí tábìlì lásán. Yóò kọ́kọ́ de àwọn irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ní ipò tí wọn yóò wà, láìsí epo nítòsí, yóò to píìpù sí i, yóò sì fi iná kan ibì kan ibì kan kí ó dì mú. Nígbà náà ni yóò tó tú u kúrò, tí yóò de irin pẹlẹbẹ rẹ̀ mọ́ irin mìíràn tí ó nípọn, tí yóò sì jó o yíká. Kò ní tú u títí yóò fi tutù fúnra rẹ̀. Ìkánjú níbí ni ó ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di àtúnṣe.

Lẹ́yìn náà, yóò fi fáìlì wọ inú ihò, yóò fá gbogbo irin tí ó yọ́ sínú kúrò. Etí kékeré kan tí ó yọ sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí òkúta láàárín odò ni. Gásíkẹ́ẹ̀tì pàápàá, a gbọ́dọ̀ gé ihò rẹ̀ kí ó má yọ sínú. Yóò wá tẹ́ sánpépà sórí dígí tí ó nípọn, yóò máa fi ojú irin pẹlẹbẹ náà gbo ó yíká yíká, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dán bákan náà. Bí ibì kan bá ṣì dúdú, kòtò ni ó wà níbẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn ni mo fẹ́ kí ẹ rántí jù. Yóò dí gbogbo ẹnu píìpù náà, yóò rì í sínú garawa omi, yóò sì fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí èéhó kan bá yọ, ẹyọ kan péré, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí ni ìdí? Ìdí ni pé ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ pàápàá yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí kò ní epo wọlé. Ẹ́ńjìnì yóò máa sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó rọra dúró. Tí ó bá sì di ojú eré gidi, sílíńdà tí epo rẹ̀ kò tó yóò gbóná kọjá ààlà, ó sì lè yọ́ ihò sí orí pístìnì bí ìgbà tí a bá fi irin gbígbóná gún ọ̀dà. Ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi ń tọrọ. Nítorí náà, èéhó inú garawa kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Munro. Ní ọdún 1957, ní etí òkun Oreti nítòsí ìlú rẹ̀, alùpùpù rẹ̀ sá ju máìlì 131 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni Bonneville, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Adágún omi ńlá kan ni ó gbẹ níbẹ̀ láyé àtijọ́, iyọ̀ rẹ̀ sì kù sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun, ó le bí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Òkun Pàsífíìkì ni ó là kọjá kí ó tó dé ibẹ̀.

Ìṣòro kan sì wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ èémí wa. Invercargill fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Bonneville ga ju òkun lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 4,200. Bí ilẹ̀ bá ti ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnì tí a ti tún ṣe tí epo rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ etí òkun mu, bí ó bá dé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, epo yóò pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, yóò sì máa yọ èéfín dúdú. Ẹni tí ó bá gbé ẹ́ńjìnì lọ síbẹ̀ ní láti tún ihò epo kábúrétọ̀ rẹ̀ wọ̀n, kí ó sì tún wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo eré. Ohun tí ó tọ́ nílé kò fi dandan tọ́ lájò.

Ní ọdún 1962, Munro sá máìlì 178.95 ní wákàtí kan ní Bonneville, ó sì gba ipò kìíní láyé fún irú ìwọ̀n ẹ́ńjìnì rẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún padà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tilẹ̀ ṣubú níbẹ̀ ní ojú eré tí ẹlòmíràn kò ní jí níbẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1967, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 68, ó gbé alùpùpù náà dé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti mú ẹ́ńjìnì tí ó jẹ́ 600 cc nígbà tí ó rà á gbòòrò di 950 cc. Nínú eré kan ní ọ̀nà kan, ó sá máìlì 190.07. Òfin ibẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ sá a lọ, kí a sì sá a bọ̀, kí a pín àròpọ̀ rẹ̀ sí méjì. Máìlì 183.586 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Alùpùpù tí kò lè ju máìlì 55 lọ ní ọdún 1920 ni ó ṣe èyí, lẹ́yìn ọdún 47.

Ṣé ẹ rò pé láti ibi ìyọrí kan dé ibi ìyọrí mìíràn ni ó ń lọ? Rárá o. Ní gárééjì rẹ̀, pẹpẹ kan wà tí ó to pístìnì tí ó fọ́ sí, àti irin tí ó ṣẹ́, àti oríṣìíríṣìí ohun tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tí ó bàjẹ́. Lára pẹpẹ náà ni ó kọ ọ́ sí pé wọ́n jẹ́ ọrẹ fún òrìṣà eré sísá. Ará New Zealand ni, kò gbọ́ orúkọ Ògún rí bóyá. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kan bá wọ inú gárééjì yẹn, kò ní béèrè ohun tí pẹpẹ náà wà fún. Yóò mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń bá irin lò, irin yóò gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún un ní nǹkan. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé Munro kò kó wọn dànù, kò sì kó wọn pamọ́. Ó tò wọ́n síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí wọn. Irin tí ó ṣẹ́ ń sọ ibi tí ó ti ṣẹ́ àti ìdí tí ó fi ṣẹ́, fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti wò ó.

Munro kú ní ọdún 1978, ó jẹ́ ẹni ọdún 78. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1971, Roger Donaldson ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara pẹpẹ náà sì ni ó fi ṣe àkọlé rẹ̀. Ní ọdún 2005, ó tún ṣe òmíràn tí ó mú òkìkí Munro kan gbogbo ayé. Alùpùpù náà wà ní ìlú rẹ̀, ní ilé ìtajà irinṣẹ́ E Hayes, tí àwọn ènìyàn ń wá wò ó.

Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọmọ rẹ̀, John, wo ìṣirò tí wọ́n fi gbé eré ọdún 1967 kalẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ṣì í ṣe. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn ọdún 36 tí bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn aláṣẹ eré alùpùpù ní Amẹ́ríkà tún un kọ: kì í ṣe 183.586, bí kò ṣe máìlì 184.087. Ìyàtọ̀ náà kò tó máìlì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ogójì ọdún wá ìdajì máìlì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n má yọ ìdajì máìlì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ máa ń sọ pé kí ni a fẹ́ fi ìṣirò ṣe, ẹ gbọ́ o.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá kọjá níwájú ilé mẹkáníìkì, tí ẹ rí i tí ó jókòó tí ó ń fi ojú irin kékeré kan gbo sánpépà lórí dígí, yíká yíká, láti òwúrọ̀, ẹ má ṣe rò pé kò ní iṣẹ́. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?” Bí ó bá jẹ́ ojúlówó oníṣẹ́, yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti fi hàn yín.

Ó dìgbà kan ná.